Ọkọ̀ Ẹ̀yìn Aláàsárì

"Òyìnbó ti lọ."

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé bá wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Kò tíì dá àwọn ọmọ lóhùn ìkíni wọn tó fi sọ ọ́. Ó nu pátákó mọ́ fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó wá dúró, ó ń wò wọ́n.

Ṣàmsíátù, ọmọ Sùrájù tó ń ta abọ́ ní ọjà Kpata, fi ìgúnpá gún Tàófíìkì tó jókòó tì í. "Òyìnbó wo ló ń sọ?"

"Bóyá àwọn tó ń kọ́ èbúté," ni Tàófíìkì dá a lóhùn.

"Èmi gan-an ni òyìnbó náà," ni olùkọ́ wí. Ohùn Yàgbà a máa yọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn, inú rẹ̀ sì dùn lọ́jọ́ náà. "Mo ti di ẹrù mi, mo ti sọ àsíá mi kalẹ̀. Mo kí yín lédè Yàgbà, òkun o, ẹ̀yin ará orílẹ̀-èdè tuntun! Láti òní lọ, ẹ ti gba òmìnira. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mò ń lọ jókòó sí. Ẹ ṣe ìjọba yín kí n rí i."

Ó lọ jókòó lóòótọ́. Ariwo bá sọ. Tàófíìkì gun orí tábìlì, ó ní òun ni ọba, ẹnì kan sì sọ ẹfun lù ú níwájú orí. Àwọn ọmọ Ebira kó ara wọn jọ sí igun kan, àwọn ọmọ Igala náà wá igun tiwọn. Àwọn ọmọ Kpata, tí bàbá ńlá wọn ti Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ wá tajà tí wọ́n sì gbàgbé ọ̀nà ilé, ni wọ́n ń pariwo jù.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Goodness ló dá ariwo náà dúró. Abúlé àwọn apẹja ní òdìkejì Odò Ọya ló ti ń wá, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé òun àti àbúrò rẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀. Inú ọjà ló ti kọ́ Yorùbá tirẹ̀, kì í sì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

"Kí á tó bèèrè ẹni tó máa ṣe olórí," ló wí, "ṣé kì í ṣe ohun tí olórí ò gbọ́dọ̀ ṣe ló yẹ ká kọ́kọ́ kọ sílẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé dìde lẹ́yìn, ó pàtẹ́wọ́.

"Ní Lọ́kọ́ja wa yìí ni òyìnbó ti fa àsíá rẹ̀ sókè, tó ní òun ló ni àkóso," ló wí. "Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà tó wá lọ, ọ̀pọ̀ rò pé kí á ṣáà sọ àsíá rẹ̀ kalẹ̀, ó ti parí. Kò parí. Bí àwa náà yóò ṣe máa bi ara wa léèrè ló kù. Goodness ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa bá a lọ."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi jiyàn. Wọ́n sọ orílẹ̀-èdè wọn ní Ìpàdé, nítorí pé Lọ́kọ́ja ni odò méjì ti pàdé, tí èdè tí kò lóǹkà náà sì ti pàdé. Wọ́n yan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n fi Dámilọ́lá ṣe adájọ́, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní àdúgbò Otokiti, ọmọ tó máa ń ronú kó tó kí ènìyàn káàárọ̀. Wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ wọn sára káàdìbọ́ọ̀dù ńlá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Òfin tó wà lókè pátápátá ni pé ẹnikẹ́ni kò ní jìyà kí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé olórí ìjọba gbọ́dọ̀ padà wá tọrọ ìbò ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ náà ni yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní àyájọ́ òmìnira, níwájú àwọn òbí àti àwọn àlejò.

Kí eré náà má bàa jẹ́ eré lásán, olùkọ́ gbé agbára díẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ìjọba Ìpàdé ni yóò máa sọ ẹni tí yóò gbálẹ̀, ibi tí oníkálùkù yóò jókòó sí, àti ìyà tí arúfin yóò jẹ lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì padà sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣàmsíátù àti Goodness ló du ipò olórí. Ìbò díẹ̀ ni Ṣàmsíátù fi wọlé.

Kò sí ohun tí ọmọ yìí ti ṣe ipò kìíní nínú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ràṣídátù ni wọ́n ń fi í wé títí tí etí rẹ̀ fi kún. Ràṣídátù ka Kùránì parí lọ́mọdé, Ràṣídátù wọ yunifásítì, Ràṣídátù kì í jó obẹ̀. Nígbà tí Ṣàmsíátù wá délé tó ní wọ́n fi òun ṣe olórí ìjọba, bàbá rẹ̀ gbé abọ́ tó ń nù kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi Sùrájù ni mo bí olórí ìjọba?" Ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ fi àjákù aṣọ àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ojú ọ̀run rán àsíá fún wọn, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ojú fèrèsé kíláàsì. Kí oṣù tó dá sí méjì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ Sùrájù ni yóò sọ̀rọ̀ ní àyájọ́ òmìnira. Ìbò kejì tí kò tíì wáyé kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ó kọ́kọ́ ṣe dáadáa, kí á má purọ́ mọ́ ọn. Ó pín iṣẹ́ gbígbálẹ̀ bó ṣe yẹ, ó parí ìjà àwọn tó ń du ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n agbára a máa dùn lẹ́nu bí oyin, ẹni tó bá sì ń lá oyin kì í rántí pé eyín ń bẹ lẹ́nu. Tàófíìkì, tó fi ṣe mínísítà ètò ààbò, bẹ̀rẹ̀ sí í nu àga rẹ̀ kó tó jókòó. Àwọn ọmọ ń dìde bó bá wọlé. Nígbà tó yá, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Kpata ò jáde mọ́ fún gbígbálẹ̀.

Goodness ló rí i. Ó na ọwọ́ sókè nílé ìgbìmọ̀, ó bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ará Kpata kì í ta eruku sílẹ̀ ni?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn ará Kpata. Ṣàmsíátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka ojú àwọn ọmọ kíláàsì, tó ń wò ó pé ta ni yóò dìbò fún òun, ta ni yóò dìbò fún ọmọ apẹja.

Lákòókò yìí, odò ń kún. Ọdọọdún ni odò ń kún ní Kpata, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àna tí kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó yọjú. Wọ́n ti ń gbé àpò ìrẹsì gorí àpótí, wọ́n ti ń kó abọ́ lọ sílé ìbátan lókè. Ìyá Àgbà Kàrímọ́tù, ìyá bàbá Ṣàmsíátù, a máa gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, a máa wo omi náà bó ṣe pọ́n.

Ìyá Àgbà ní òfin kan tí gbogbo ilé wọn mọ̀ kí wọ́n tó mọ Fátíhà. Bí omi bá ti pọ́n, ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn kì í wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Ìdí ni pé àsìkò náà ni àwọn ọlọ́jà ń darí sílé, tí ọlọ́kọ̀ ń kó èrò lé èrò, àpò lé àpò. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ti dé, oòrùn sì ń ta sójú omi débi pé awakọ̀ kò ní rí kùkùté igi tí àgbàrá ń wọ́ bọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gbé àbúrò rẹ̀ lọ nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọge.

"Odò kì í bínú sí ènìyàn," a máa wí bẹ́ẹ̀. "Ènìyàn ló ń gbàgbé ohun tó mọ̀."

Ní ọjọ́rú tó ṣáájú ìdìbò, òjò ńlá rọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n wọlé wọ́n bá àsíá Ìpàdé nílẹ̀ nísàlẹ̀ fèrèsé. Ó ti ya láàárín gbàgàdà.

Ṣàmsíátù gbé e nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló rán aṣọ náà, lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oníṣẹ́. "Ta ló ṣe èyí?"

Tàófíìkì wá sún mọ́ ọn, ó ní, "Mo rí Goodness nínú kíláàsì lásìkò ìsinmi. Òun nìkan ṣoṣo."

"Mo wá mú oúnjẹ fún Salome," ni Goodness wí. Salome ni àbúrò rẹ̀ tó wà ní JSS1. "Mi ò débi fèrèsé rárá."

Dámilọ́lá dìde ní tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ilé ẹjọ́ á jókòó lọ́la. Kí ẹni tó bá mọ nǹkan wá sọ ọ́. Èmi náà ní ìbéèrè tí mo fẹ́ bi àwọn tó wọ kíláàsì lásìkò ìsinmi."

Bí ó bá jẹ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé wà níbẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pe àwọn olùkọ́ sípàdé nítorí ọ̀rọ̀ omi tó ń kún. Tàófíìkì fẹnu sí Ṣàmsíátù létí.

"Ọ̀la ni ìdìbò," ló wí. "Bí ilé ẹjọ́ bá jókòó lọ́la, ẹnu á pọ̀, àánú rẹ̀ á ṣe wọ́n. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, Ṣàmsí. Gé e lónìí. Ta ló máa dìbò fún ẹni tó ya àsíá?"

Ó mọ̀ pé kò dára. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bó ṣe rí, ọmọ náà mọ̀. Olùkọ́ ti kọ́ wọn pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ilé ẹjọ́ ni olórí tó ń bẹ̀rù àtikúrò lórí àlééfà kọ́kọ́ máa ń tì pa. Ó kọ ọ́ nínú ìdánwò, ó sì gba máàkì tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí bàbá rẹ̀ lójú ọkàn rẹ̀, tó wọ agbádá lọ sí àyájọ́ òmìnira, tó gbọ́ tí wọ́n pe Goodness jáde.

Ó bọ́ síwájú kíláàsì. "Mo kéde pé ìlú ò fara rọ," ló wí. Ó yọ bírò, ó fa ìlà gbọọrọ la òfin tó wà lókè pátápátá kọjá lára káàdìbọ́ọ̀dù náà. "Títí di ìgbà tí mo bá tún sọ, ilé ẹjọ́ ò ní jókòó. Goodness á dúró lẹ́yìn tí a bá parí lónìí. Á fọ ilẹ̀ kíláàsì, á sì pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù ilé ìtọ̀."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Dámilọ́lá ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni o," ó sì jókòó. Ẹnikẹ́ni ò gbè é lẹ́yìn.

Goodness tọ Ṣàmsíátù wá nígbà tí agogo ìparí lù. Kò bínú, ẹ̀rù ló ń bà á.

"Abẹ́ẹ̀gì, Ṣàmsíátù. Ọkọ̀ wa." Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń sọ, èyí tó ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, tó máa ń ṣí ní kété tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. "Jẹ́ kí n ṣe é láàárọ̀ ọ̀la. Màá tètè dé. Ọmọ Kpata ni ẹ́, o mọ odò yìí bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n."

Tàófíìkì àti àwọn yòókù ń wò wọ́n. Ṣàmsíátù rò ó pé bí òun bá gbà báyìí, wọ́n á ní ọmọ apẹja ti bá olórí wí, olórí sì gbọ́. "Àṣẹ ìjọba ni," ló wí. Ó gbójú kúrò lára rẹ̀.

Kànga ilé ẹ̀kọ́ jìn sí ilé ìtọ̀. Goodness fọ ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi. Salome wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́yìn, ọmọ kékeré tí bàtà rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ṣàmsíátù ní kó máa bá àwọn yòókù lọ síbi ọkọ̀.

"Màmá ní a ò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀," ni ọmọ náà dáhùn. Ó wá bọ́ bàtà, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Dúrọ́ọ̀mù náà ò tíì kún nígbà tí ìpè ìrun Aláàsárì dún láti mọ́sálásí Kpata. Ṣàmsíátù gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà nínú orí rẹ̀ ketekete. "Ó tó," ló wí. "Ẹ máa lọ."

Goodness nu ọwọ́ rẹ̀ sára yẹ̀rì, ó mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n gba ọ̀nà odò lọ. Ṣàmsíátù dúró ó ń wò wọ́n. Ilé àwọn Ṣàmsíátù ò jìnnà. Yàrá Ràṣídátù ṣófo. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀ pé, "Ẹ wá sùn sílé wa, kí ẹ kọjá lọ́la." Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Báwo ni ẹni tó fìyà jẹ ènìyàn yóò ṣe tún wá gbà á lálejò níṣojú Tàófíìkì? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó lọ sílé.

Ó bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà. "O pẹ́," ni màmá wí.

"Iṣẹ́ ìjọba ni, Ìyá Àgbà."

"Irú ìjọba wo?" Ṣùgbọ́n ojú màmá ti padà sórí omi. Ọkọ̀ onígi ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí kúrò létí odò, ó kún dẹ́nu. Ìyá Àgbà mi orí. "Ẹ wò ó. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Kí Ọlọ́run máà jẹ́ ká mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Ṣàmsíátù wọlé. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé wọn ò ní wọ èyíinì, pé wọ́n á ti rí ọkọ̀ mìíràn.

Kò pẹ́ rárá tí igbe fi sọ ní etí odò. Ọkùnrin kan sáré kọjá níwájú ilé wọn, ó ń ké lédè Hausa pé, "Kwale-kwale ya kife! Ya kife!" Ọkọ̀ ti dojú dé. Gbogbo Kpata tú jáde. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń ti ọkọ̀ kéékèèké sómi, àwọn obìnrin ń pe orúkọ èèyàn wọn. Kùkùté igi ni ọkọ̀ náà gbá ní àárín omi, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà ti máa ń wí.

Ṣàmsíátù sáré lọ láì wọ bàtà. Ó bá Goodness nílẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ti fà jáde, wọ́n ti da ìró ẹnì kan bò ó. Ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ wà lórí omi, ó ń sọ ohun kan náà léraléra.

"Mo dì í mú. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀."

Wọn ò rí Salome lálẹ́ ọjọ́ náà. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn apẹja rí i nísàlẹ̀ odò, báàgì ìwé rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dìbò ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé wọlé, ó dúró níwájú káàdìbọ́ọ̀dù, ó wo ìlà tí Ṣàmsíátù fà.

"Dámilọ́lá," ló wí. "O ní ìbéèrè kan lánàá tí wọn ò jẹ́ kí o bi wọ́n. Bi wọ́n."

Dámilọ́lá dìde. "Ta ló ti fèrèsé nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́jọ́rú? Ta ló sì ṣí i lánàá?"

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Tàófíìkì bú sẹ́kún kó tó dáhùn. Òun ló ti fèrèsé irin náà mọ́ àsíá lójú òjò láì mọ̀. Òun ló sì fà á ṣí lásìkò ìsinmi ní Ọjọ́bọ̀, tí aṣọ náà fi ya. Ẹ̀rù bà á, ó fi í sílẹ̀, ó wá fi Goodness bojú. "Mi ò mọ̀ pé ó máa dà báyìí," ló ń wí. "Mo rò pé á kàn pọnmi lásán ni."

"Èmi ni mo fún yín ní pàṣán, tí mo sì jáde lọ," ni olùkọ́ wí. "Mo kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dá ìjọba sílẹ̀, mi ò sì dúró kí n rí i pé ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Màá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá àgbà, màá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá Salome."

Ṣàmsíátù ò sunkún. Ohun tó wà láyà rẹ̀ ti kọjá ẹkún. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Òun ò gé ìka tó ṣẹ̀, òun ò tiẹ̀ gé ìka tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pàápàá. Ìka ọmọ tó bọ́ bàtà rẹ̀ kó lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé omi lòun gé.

Nígbà tí ó délé, ó jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ àti Ìyá Àgbà. Bàbá rẹ̀ gbá orí mú. Ìyá Àgbà wò ó títí. "O gbọ́ ìpè ìrun?" ló bi í.

"Mo gbọ́."

"O rántí?"

"Mo rántí, Ìyá Àgbà."

Màmá arúgbó náà fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. "Nígbà náà, kò sí irọ́ tí a fẹ́ bá ọ pa. Múra."

Ọkọ̀ àárọ̀ ni wọ́n wọ̀ lọ sí òdìkejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ọmọ náà. Èrò pọ̀ nílé apẹja. Obìnrin kan tó bá wọn ti Kpata wá fẹ́ tu ìyá òkú nínú, ó ní, "Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Má wí i níhìn-ín. Àwa la da omi náà nù." Ó wá ti Ṣàmsíátù síwájú.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá, èmi ni mo dá wọn dúró. Wọn ò ṣẹ̀. Goodness bẹ̀ mí nítorí ọkọ̀, mi ò gbọ́."

Ìyá Salome wò ó. Kò gbé e ṣépè, kò sì ní kó dìde. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì yíjú sí ògiri. Ṣàmsíátù ì bá fẹ́ kó gbá òun létí.

Goodness wà lórí ẹní lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti ní kò ní padà sí Lọ́kọ́ja mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ni yóò ti máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Ṣàmsíátù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan ló bi í.

"Kí ló dé tí o ò kọ́kọ́ bi mí?"

Bí Ṣàmsíátù bá ní nítorí ìbò, ìbò ti di ẹ̀tẹ́. Bí ó bá ní nítorí àsíá, aṣọ àjákù ni àsíá. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi wá mú un.

Ní àyájọ́ òmìnira, kò sí ọmọ kíláàsì wọn tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá àgbà ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nítorí Salome, lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àsíá Nàìjíríà sókè. Nígbà tí wọ́n padà sí kíláàsì, Ṣàmsíátù fúnra rẹ̀ ló ní kí ilé ẹjọ́ Ìpàdé jókòó lé òun lórí. Àwọn ọmọ fẹ́ kọ̀, ó ṣe wọ́n bíi pé eré náà ti burú jù láti tún ṣe. Dámilọ́lá ló gbà.

"Ṣé o ní nǹkan láti sọ kí ilé ẹjọ́ tó dájọ́?" ni Dámilọ́lá bèèrè.

Ìgbà náà ni omijé dé. "Ẹ bi mí," ni Ṣàmsíátù wí. "Èmi tí mo jẹ̀bi, ẹ bi mí. Ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni mi ò bi."

Dámilọ́lá ní ilé ẹjọ́ òun ò ní ìyà tó tó ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí Ṣàmsíátù tún òfin tó fi bírò là kọjá yẹn kọ, kó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, kí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí kíláàsì náà lẹ́yìn wọn lè máa kà á. Ó kọ ọ́. Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí á rí i.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹ jẹ́ kí ó yé yín. Kì í ṣe lọ́jọ́ tí a fi ẹnì kan sórí àga ni ìjọba bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó wà lórí àga bá gbà kí á dá òun dúró, kí á bi òun léèrè, kí òun náà sì bèèrè kó tó na ọwọ́ ìyà sí ọmọlàkejì rẹ̀. Ẹni tó bá yọ òfin kúrò lọ́nà nítorí àtiborí alátakò, kò mọ ọmọ ẹni tí yóò gba àlàfo náà já sínú omi.

Omi ti fà báyìí ní Kpata, ó fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri. Lọ́jọ́ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo, bí agogo ìparí bá ti lù, Ṣàmsíátù a máa sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò, a dúró ti ọkọ̀ àwọn ọmọ tó ń lọ sí òdìkejì títí yóò fi ṣí. Awakọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Kó tó fa ẹ́ńjìnnì, a máa ké sí i pé, "Ó ku ẹnì kan?"

Kì í tètè dáhùn. A kọ́kọ́ yíjú padà wo gbogbo ọ̀nà tó ti ilé ẹ̀kọ́ wá, bóyá ẹnì kan ṣì ń bọ̀ tó di ẹnì kejì lọ́wọ́ mú.